Apakòkòrò àti Kòkòrò Tó Ń Gbé Inú Aràn

Ní gbogbo ọ̀nà tó ti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Mápó ní Ìbàdàn, títí dé Ọjà'ba àti Béyerúnkà, kò sí àdúgbò tí kò ní kẹ́mísì tirẹ̀. Ẹni tí egbò ń dà láàmú, ẹni tí inú ń run, ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó ronú kan ilé ìwòsàn. Wọn kì í sábà dárúkọ oògùn. "Ẹ fún mi ní pupa-àti-yẹ́lò," tàbí, "Ẹ bá mi wo apakòkòrò tó lágbára díẹ̀." Ẹni tó ń tajà á na ọwọ́ sórí pẹpẹ, á fi sísọ́ọ̀sì gé kápúsù mẹ́rin kúrò lára káàdì, wọ́n á sanwó, ó parí. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní gbé e mì. Á tú kápúsù náà sí méjì, á da ìyẹ̀fun yẹ́lò inú rẹ̀ sójú egbò, á fi aṣọ dì í.

Tetracycline ni pupa-àti-yẹ́lò yẹn. Ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ doxycycline, tó jáde sọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 1967, tí àwa náà ń rà lórí pẹpẹ kan náà. Ọ̀rọ̀ àbúrò yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó ti di oògùn fún àrùn kan tí ẹnikẹ́ni kò rò mọ́ ọn tẹ́lẹ̀: jàbùtẹ̀, tó ń wú ẹsẹ̀ àgbàlagbà títí ẹsẹ̀ á fi nípọn bí ìtì igi, àti irú ìpá kan tó ń kó omi sábẹ́ ọkùnrin. Aràn kan náà ló ń fa méjèèjì. Báwo wá ni apakòkòrò ṣe ń pa aràn? Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mo ti fẹ́ wá ìdáhùn, torí mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ju bí a ṣe ń lò ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí á tú u. *A*, *pa*, *kòkòrò*. "A" tó ṣáájú yẹn la fi ń pe olùṣe: apẹja ni ẹni tó ń pa ẹja, apàlọ́ ni ẹni tó ń pa àlọ́, apani ni ẹni tó ń pa ènìyàn. Lójú ẹsẹ̀ la ti rí i pé "pa" àárín yẹn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó pa àlọ́ kò gba ẹ̀mí àlọ́. A ń pa iná, a ń pa ilẹ̀kùn dé, a ń pa ẹnu mọ́, a ń pa owó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ apakòkòrò báyìí, pípa ewúrẹ́ ló ń wá sí wa lọ́kàn, ọ̀bẹ lọ́rùn, ó tán. Ìrètí yẹn náà ló ń mú kí ènìyàn ra kápúsù mẹ́rin, kí ó lo méjì, kí ara rẹ̀ fúyẹ́, kí ó kó méjì tó kù sínú dúrọ́ọ̀.

Pípa iná ni iṣẹ́ doxycycline jọ. Oògùn yìí kì í fọ́ kòkòrò túútúú. Ibi tí kòkòrò ti ń ṣe púrótéènì, èyí tó fi ń kọ́ ara rẹ̀, ló ń lọ dí. Kòkòrò tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò lè dàgbà, kò lè pọ̀ sí i, yóò wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kú tàbí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara fúnra wọn yóò fi gbá a dànù. Ẹni tó bá kúrò nídìí iná nígbà tí ògúnná ṣì ń tàn lábẹ́ eérú mọ ohun tó lè bá nígbà tó bá padà dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí tí a bá dé orí aràn, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a ó máa kà. Ọ̀sẹ̀ ni.

Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti abúlé wá sí Ọjà'ba ní ìtumọ̀ mìíràn fún ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiwọn, apakòkòrò ni èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fín sára kòkó. Májèlé ni, kò sì sí ẹni tó máa bẹnu kàn án. Pé orúkọ kan náà ni a fi ń pe májèlé oko àti kápúsù ilé kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò sọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tó ṣe kedere nínú rẹ̀ ni ọ̀tá. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Selman Waksman ń gbé ọ̀rọ̀ antibiotic, tí a fi ń pe apakòkòrò lédè Gẹ̀ẹ́sì, kalẹ̀ ní 1942, inú èdè Gíríìkì ló ti mú un, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ohun tó lòdì sí ìyè. Èyí gbòòrò jù fún mi. Tiwa dárúkọ ẹni tí ó ń wá: kòkòrò. Kò sọ pé òun yóò pa ibà, kò sọ pé òun yóò pa ọfìnkìn, kò sì sọ pé òun yóò pa aràn.

Kòkòrò fúnra rẹ̀ kò ṣeé tú, ó wà lódindi bí obì tí a kò tíì pa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe fẹ̀ tó. Tata ni kòkòrò. Èyí tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò ni kòkòrò. Èyí tí a gbà pé ó ń jẹ eyín, tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí, kòkòrò la ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́. A mú un wọ inú ìwà pàápàá: ẹni tí ohun tí Ọlọ́run fún un kò tó, a ní ó lójúkòkòrò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé àwọn ohun kan wà tí ojú lásán kò lè rí tó ń fa àìsàn, Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri. A fi "àìfojúrí" kún kòkòrò, ọ̀rọ̀ sì yé ara.

Aràn ní tirẹ̀, inú ara ni ilé rẹ̀. Èyí tó ń gbé inú ìfun ọmọdé, aràn ni. Sòbìà tó ń yọ orí jáde lẹ́sẹ̀, aràn ni. Òun la sì ti borí, nítorí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde ní 2013 pé kò sí sòbìà mọ́ ní Nàìjíríà, láìsí kápúsù kan tó pa á, omi mímọ́ àti asẹ́ ló ṣe é. Aràn jàbùtẹ̀ yàtọ̀ sí sòbìà. Kì í yọ orí sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé e sára kò ní rí i láéláé.

Àwọn tó mọ Ọjà'ba mọ ìlà àwọn lẹ́kulẹ́jà àti àwọn alágbo. Egbò igi, èèpo igi, bàrà, kán-ún, gbogbo rẹ̀ wà lórí àtẹ, igbá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tirẹ̀. Bí ènìyàn bá ní kí wọ́n bu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún òun, ìyá alágbo lè béèrè pé, "Ṣé ẹ fẹ́ràn nǹkan dídùn ni?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ìmọ̀ ìṣègùn kan tó jinlẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Anthony Buckley, tó kọ ìwé *Yoruba Medicine* tó jáde ní 1985, jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sílẹ̀. Wọ́n ní kòkòrò àti aràn wà nínú ara gbogbo ènìyàn, olúkúlùkù nínú àpò tirẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àṣejù ló ń sọ wọ́n di àrùn: kí á jẹ adùn jù, kí á mu ọtí jù, kí àpò wọn kún àkúnwọ́sílẹ̀, kí wọ́n máa rìn kiri ibi tí kì í ṣe tiwọn. Oògùn kíkorò ló ń dín wọn kù, tó ń lé wọn padà sí ààyè wọn. Kì í ṣe pé kí á run wọ́n tán, nítorí ara nílò wọn.

N kò sọ pé àwọn àgbà oníṣègùn mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun kékeré, wọn kò sì sọ pé àwọn ní i. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè tí wọ́n fi ronú ti fi àyè sílẹ̀ fún kòkòrò tó ń bá onílé gbé, tó sì wúlò fún onílé. Àyè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ aràn jàbùtẹ̀ wá bọ́ sí.

Orúkọ tí sáyẹ́ǹsì fún aràn náà nílẹ̀ wa ni Wuchereria bancrofti. Abo rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, síbẹ̀ ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ara ń gbà padà sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fi ṣe ilé, ó sì lè gbé ibẹ̀ fún ọdún 5 sí 8. Níbẹ̀ ló ti ń bímọ, ọmọ tí kò lóǹkà. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ náà á lúgọ sínú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró; bí ilẹ̀ bá ṣú tán, wọ́n á jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ní àkókò tí ẹ̀fọn ń jẹ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wò wọ́n. Patrick Manson, dókítà ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Amoy ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló rí i ní 1877 pé inú ẹ̀fọn ni ọmọ aràn yìí ti ń dàgbà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri náà ló sábà ń gbé e.

Ẹsẹ̀ kì í wú lọ́jọ́ kan. Aràn á ti ba òpó omi ara jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìwúlé tó jókòó síbẹ̀. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ á dúró, awọ á le, á máa ṣẹ́ léra, kòkòrò ìta á gba ojú ibi tó là wọlé, ara á gbóná, ẹsẹ̀ á pọ́n, á rọlẹ̀, á tún padà. Gbogbo ìgbà tó bá padà ló ń fi díẹ̀ kún un. Láàárín àkókò yẹn, àwọn ará ilé á ti ní ó tẹ nǹkan tí ayé gbé sílẹ̀ fún un. Onítọ̀hún á máa fi ìró tàbí ṣòkòtò gígùn bo ẹsẹ̀, kò ní lọ síbi ìnáwó mọ́. Ọkùnrin tó ní ìpá kì í tilẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ bí ó ṣe ń dùn ún tó. Àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tí èyí ń dà láàmú: kò sí orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà tí àwọn tí àrùn yìí lè mú pọ̀ tó ti Nàìjíríà.

Ní 1924, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Marshall Hertig àti Simeon Burt Wolbach, ń wo inú ẹ̀fọn Culex, irú èyí tó ń pa sínú omi gọ́tà, wọ́n sì rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀. Kò jọ pé ó ń ṣe ẹ̀fọn náà ní nǹkan. Ní 1936 Hertig sọ ọ́ ní Wolbachia, ó fi orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ pè é, ọ̀rọ̀ náà sì sùn. Ní àárín àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń wo inú aràn bíi ti jàbùtẹ̀ àti ti ìfọ́jú etí odò rí àwọn nǹkan róbótó kéékèèké níbẹ̀ tó jọ kòkòrò. Àwọn ọdún 1990 ti wọlé dáadáa kí àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé ìbátan èyí tí Hertig àti Wolbach rí nínú ẹ̀fọn ni wọ́n. Aràn tó ń gbé inú ènìyàn, òun náà ní kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí á dúró níbí díẹ̀. Yorùbá ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. A máa ń pa òwe yìí fún ọ̀tá inú ilé. Ṣùgbọ́n kòkòrò inú aràn yìí kò jẹ aràn. Ńṣe ló ń gbé e ró. Ìyá aràn ló ń fi í sínú ẹyin, a ń bí i mọ́ ọmọ, láti ìran dé ìran, tó bẹ́ẹ̀ tí aràn náà kò lè dá wà mọ́ láìsí i. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tó ń gbé ara ẹlòmíràn, tó ń jẹ ẹ́: àfòmọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé ara rẹ̀, ohun tó fò, tó lẹ̀ mọ́ ni. Ẹni tó ní oko obì mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ń hù lórí ẹ̀ka, ó ń mu omi igi tí kì í ṣe tirẹ̀. Aràn jàbùtẹ̀ jẹ́ àfòmọ́ lára wa, kò sí àníàní. Wolbachia kì í ṣe àfòmọ́ lára aràn. Alábàágbé ni. Bí àwọn àgbà oníṣègùn bá ní kòkòrò kan wà nínú àpò rẹ̀ tí ara onílé nílò, ara aràn ni a ti rí i kedere jù báyìí.

Ibi tí aràn ti lágbára náà ló ti gba ọgbẹ́. Achim Hoerauf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ló kọ́kọ́ fi han gbangba lára ẹranko ní 1999 pé tí wọ́n bá fi oògùn ìdílé tetracycline pa kòkòrò inú aràn, aràn náà á yàgàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n bá àwọn onímọ̀ Ghana ṣiṣẹ́ lórí ènìyàn: ìfọ́jú etí odò ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2000, ti aràn jàbùtẹ̀ tẹ̀lé e ní 2003. Ní 2005, Mark Taylor ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru ní Liverpool àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì tiwọn láti Tanzania jáde. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní doxycycline mílígíráàmù 200 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n fún àwọn yòókù ní àfijọ oògùn tí kò ní nǹkan nínú.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé aràn ti kú ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún inú aboyún ni wọ́n gbé ka àpò ẹpọ̀n àwọn ọkùnrin náà, nítorí ibẹ̀ ni aràn yìí fẹ́ràn láti gbé. Tí aràn bá wà láàyè, á máa yí, á máa lọ́, á máa gbọ̀n láìdákẹ́ ní ojú kan náà, àwọn dókítà sì ń pe èyí ní ijó aràn. Lẹ́yìn oṣù 14, ijó ṣì ń lọ lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó gba àfijọ. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó gba doxycycline, ojú ibẹ̀ ti pa rọ́rọ́.

Báyìí ni apakòkòrò ṣe ń pa aràn: kì í fọwọ́ kan aràn. Kòkòrò ló pa, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Aràn tí kò ní alábàágbé mọ́ kò lè sọ ẹyin di ọmọ; ọmọ á dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ títí wọn ò fi ní sí mọ́, ẹ̀fọn ò ní rí nǹkan gbé lọ fún ẹlòmíràn; ìyá fúnra rẹ̀ á máa rọ, á sì kú láàárín ọdún kan sí méjì. Ọgbọ́n ibẹ̀ wọ̀ mí lára. Oògùn aràn tí a ti ń lò tipẹ́ ń gbá ọmọ dànù, ṣùgbọ́n ìyá ń bẹ láàyè, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Èyí lọ sídìí ọ̀rọ̀. Ó tún ṣàlàyé ohun kan tí àwọn ènìyàn ti ń ráhùn lé lórí: ibà àti ara ríro tó máa ń tẹ̀lé oògùn aràn. Nígbà tí aràn bá kú lójijì, kòkòrò inú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì gbé ogun dìde. Ara wa ń bínú sí kòkòrò tí kò mọ̀ rí pé ó wà níbẹ̀.

Aràn kan wà tí kò ní kòkòrò rárá, ó sì wà nílẹ̀ igbó tiwa níhìn-ín: Loa loa, aràn ojú, tí ènìyàn máa ń rí tó ń wọ́ kọjá lórí ẹyinjú. Doxycycline kò lè ṣe é ní nǹkan kan, torí kò sí ẹni tí yóò pa nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ di ohun ìyè àti ikú níbẹ̀. Ẹni tí ọmọ aràn ojú bá kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an, ivermectin, oògùn aràn tó ń pa ọmọ aràn lẹ́ẹ̀kan náà, lè ṣe é ní jàǹbá dé ọpọlọ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó tún ní aràn ìfọ́jú etí odò, doxycycline ni ọ̀nà tó láàbò, nítorí yóò wá aràn tó ní kòkòrò rí, yóò sì fi èkejì sílẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi ń pín doxycycline káàkiri? Ìdí rẹ̀ kò nira. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà, lójoojúmọ́. A kì í fún aboyún, a kì í fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́jọ, nítorí eyín àti egungun wọn. Oògùn tí ìjọba ń pín fún gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ivermectin pẹ̀lú albendazole, láti inú ètò tí WHO bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Ẹni tó bá ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń pín in mọ ọ̀pá gígùn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ oríṣiríṣi: ènìyàn á dúró tì í, ibi tí orí rẹ̀ bá dé ni wọ́n fi ń ka iye oògùn fún un. Ètò yìí kì í ṣe àlá. Ní 2017, WHO jẹ́rìí sí i pé àrùn yìí kì í ṣe ìṣòro fún ìlera ará ìlú mọ́ ní Tógò, ìyẹn orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn onímọ̀ ṣì ń wá apakòkòrò mìíràn tí ọjọ́ méje tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ á tó, láti pa Wolbachia.

Ìdílé kan náà, ìyẹn àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ tí a ń pè ní Streptomyces, ni oògùn méjèèjì, doxycycline àti ivermectin, ti jáde. Erùpẹ̀ ilẹ̀ Missouri ni wọ́n ti rí àkọ́kọ́ nínú ìdílé tetracycline, Benjamin Duggar sì kéde rẹ̀ ní 1948. Erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan ni Satoshi Omura ti rí orísun ivermectin, iṣẹ́ tó mú kí òun àti William Campbell gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Kòkòrò ilẹ̀ ló pèsè ohun tí a fi ń pa kòkòrò inú aràn. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ apakòkòrò tó rò pé ọ̀tá ni gbogbo kòkòrò, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ti ẹsẹ̀ tó ti wú ńkọ́? Níbí, mo fẹ́ kí á ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má ta ìrètí fún wa. Ìdánwò kan láti Ghana tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012 fi hàn pé doxycycline fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dín ìwúlé kù lára àwọn kan tí tiwọn kò tíì le. Àwọn ìdánwò tó tẹ̀lé e kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára gbogbo wọn ni fífọ ẹsẹ̀: omi mímọ́ àti ọṣẹ lójoojúmọ́, kí á nu àárín ìka ẹsẹ̀ gbẹ dáadáa, kí á tọ́jú ibi tó là, kí á gbé ẹsẹ̀ sókè tí a bá jókòó tàbí tí a bá sùn, kí á máa na ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò. Ẹni tó bá ń ṣe èyí, ibà tó ń dà á dùbúlẹ̀ lóòrèkóòrè á dín kù gidigidi. Ìpá olómi, iṣẹ́ abẹ ló wà fún un, iṣẹ́ abẹ náà kò sì le.

Kápúsù mẹ́rin tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ní Bẹẹrẹ kò lè ṣe ìkankan nínú èyí. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò lè gba ojú egbò lọ bá aràn nínú òpó omi ara. Ohun tó lè ṣe ni pé kó kọ́ àwọn kòkòrò mìíràn tó wà lára wa bí wọn ó ṣe máa yẹ̀ fún oògùn náà, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ọmọ wa bá nílò rẹ̀ lóòótọ́, kò ní jẹ́ mọ́. Ìwà yìí ń dùn mí, nítorí oògùn tó dára ni a ń fi ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Béyerúnkà, bí àwọn apín-oògùn bá kan ilẹ̀kùn yín lọ́dún yìí, ẹ dúró ti ọ̀pá wọn, kí ẹ sì gbé ohun tí wọ́n bá kà fún yín mì. Ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí abẹ́ rẹ̀ bá ti ń wú, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ lọ sí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tàbí sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún aràn, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó wú ni aràn wú. Bí dókítà bá wá kọ doxycycline fún yín, ẹ fi oúnjẹ àti omi tó pọ̀ lò ó, ẹ má ṣe fi mílíìkì mu ún, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, kí ẹ sì lò ó dé ọjọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n kọ síwèé.